Òkúta Àlùwàlá

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì ṣi ìfura yín lò: wọn kò rí lítíọ́mù kankan ní oko Alhaji Rùfáì. Wọ́n rí amọ̀, wọ́n rí yanrìn, wọ́n rí òkúta dúdú tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n sì rí omi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi ẹ̀wọ̀n so ẹ̀rọ tí wọ́n fi lu ilẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé. Alhaji dúró sí àárín àwọn kùkùté kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu, ó dé akoto funfun tí akọ̀wé ara ògiri kan ní Àpòmù bá a kọ ALÁGA sí níwájú. Ó ní kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà lè mọ ẹni tó ń lọ.

"Injinnía," ni ó wí, "ẹ kò tíì lu ilẹ̀ yìí dénú."

Ọlámijù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ awakùsà kan rán wá láti Èkó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ohun tó wà nínú òkúta, ń fi àkísà nu ọwọ́. Kò sí àrífín kankan lẹ́nu rẹ̀, èyí gan-an ló sì ń dun Alhaji.

"A lù ú dénú, sà. A lù ú lápá òkè, a lù ú lápá ìsàlẹ̀, a tún lù ú níbi tí ẹ ní ẹ lálàá rẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

"Òkúta tí mo gbé fún yín ńkọ́? Òkúta yẹn purọ́ ni?"

"Kò purọ́ rárá, sà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò tíì gbé òkúta tó dára tó ìyẹn lọ síbi àyẹ̀wò rí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá mi fi gbà kí ẹ̀rọ yìí kúrò l'Ékòó. Ìdí tí mo fi ń bi yín nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: ibo gan-an lẹ ti mú un?"

"Lórí ilẹ̀ bàbá mi."

"Apá ibo níbẹ̀, sà?"

"Ilẹ̀ bàbá mi, ilẹ̀ bàbá mi ni. Ṣé ilẹ̀ tún ní iyàrá àti pálọ̀ ni?"

Ọlámijù wo oko náà yí ká. Àwọn igi kòkó sùn sílẹ̀ lórí ara wọn, ewé wọn ti gbẹ. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n ti yọmọ kí wọ́n tó gé wọn ti ń jẹrà lábẹ́ wọn, eṣinṣin sì bò wọ́n.

"Sà, a kò ní kí ẹ gé gbogbo èyí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà nìkan la bèèrè."

"Àwọn olùdókòwò wá ńkọ́? Bí wọ́n bá ti òkè òkun dé, ṣé inú igbó ni kí n máa kó wọn gbà, kí kòkó máa já lù wọ́n lórí?"

"Àwọn olùdókòwò kì í sábà wá síbi tí a kò bá tíì rí nǹkan kan, sà." Ọlámijù gun ọkọ̀. "Táyà wa kan ń jò. Ìkirè la máa ti tún un ṣe kí a tó forí lé ọ̀nà Ìbàdàn. Bí ẹ bá rántí ibi tí ẹ ti mú òkúta yẹn, ẹ tètè pè mí."

Ọkọ̀ lọ. Alhaji juwọ́ sí wọn bí ẹni tó lé wọn lọ fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Ìjọba ìbílẹ̀ ní Àpòmù ni Rùfáì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni olórí àwọn tó ń bójú tó ọjà. Láti ọdún tó ti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà ni wọ́n ti ń pè é ní Alhaji, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò náà nìkan ló gbéra nínú ìrìn àjò ọ̀hún. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bó bá ń kọjá lọ́jà, àwọn ènìyàn á dìde. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń kí i, àmọ́ wọ́n ń jókòó kí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dun òun. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́sáláṣí ni.

Àràárọ̀ ló ṣì máa ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ láti ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí Ọlámijù wọlé wá béèrè bóyá ẹnìkan lágbègbè náà ní ilẹ̀ tó ní òkúta funfun, èyí tó máa ń wúwo lọ́wọ́. Kó tó sọ ọ́ tán, Alhaji ti dìde.

"Ẹ lọ bá mi ṣa díẹ̀ wá, sà," ni Ọlámijù wí. "Ẹ mú un níhìn-ín, ẹ mú un lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ṣe bá a nílẹ̀ ni kí ẹ gbé e. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ yé Alhaji, ó kàn rò pé ọjà ni kò tíì là á lójú. Láti kékeré ló ti ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agbọ̀n: èyí tó lálèébù sí ìsàlẹ̀, èyí tó pọ́n dán gbinrin sókè. Ọjọ́ gbogbo ló fi bójú tó ọjà, kò sì rí ẹni tó gbé èyí tí kò dára han oníbàárà rí, láti Ìkirè títí dé Àpòmù. Ó dé oko, ó wo àwọn òkúta tó wà nílẹ̀, gbogbo wọn rí játijàti, wọn kò níyì. Ó wá yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ilé oko, níbi tí Abdulmumin, bàbá rẹ̀, ti to òkúta yí ilẹ̀ kékeré kan ká láti fi ṣe ibi ìkírun. Níbẹ̀ ni òkúta àlùwàlá bàbá wà. Ó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó funfun, àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé iná kékeré kan ń jó níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni bàbá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bó bá ń da omi sí i, kí ẹrẹ̀ má baà ta padà. Láti ìgbà tí Rùfáì ti gbọ́njú ló ti bá a níbẹ̀.

Ó gbé e. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fi òróró pa á lára díẹ̀. Ó fi aṣọ léèsì àtijọ́ wé e, ó sì gbé e lọ fún Ọlámijù bí ẹni ń gbé ìyàwó lọ ilé ọkọ.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, Àpòmù kò gba Alhaji mọ́. Ó ra akoto. Ó ra bàtà onírin nínú. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ó máa ń dúró síwájú mọ́sáláṣí, kí ó máa ṣàlàyé fún àwọn tí kò béèrè.

"Ayé ń fi epo sílẹ̀," ni ó máa ń wí. "Mọ́tò tí kì í mu pẹtiróòlù ti dé. Bátìrì ni wọ́n fi ń wà á. Oòrùn ni wọ́n máa fi tan iná, inú bátìrì ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí. Kí ni wọ́n sì fi ń ṣe bátìrì? Ẹ kò mọ̀ ọ́n? Lítíọ́mù ni, ohun tó wà lóko bàbá mi. Òyìnbó ń wá a kiri bí ẹni wá ọmọ tó sọnù."

Lóòótọ́, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fún un.

Ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti fi bẹ́ẹ̀ tà. Mùnírátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ ṣe dòdò Ìkirè, tó ń tà á lẹ́bàá títì níbi tí àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń dẹsẹ̀ dúró. Oko Ararọ̀mí-Òwu ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé ayé ń fi epo sílẹ̀, ìdí agbada epo pupa ló wà, ó ń yí dòdò padà.

"Bàbá Fáìzàh," ni ó wí, "ṣé wọ́n máa fi tèmi náà sílẹ̀ ni, àbí kí n ṣì máa dín in lọ?"

Ẹni tó ń gbé oko náà gan-an ni Soliat, ẹ̀gbọ́n Rùfáì obìnrin. Òun àti bàbá wọn ló jọ gbin kòkó ibẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, Soliat kò kúrò. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pín oko náà sí méjì, ilé oko àti ibi ìkírun sì wà lápá ọ̀hún. Ọjọ́ tí Rùfáì wá bá a pé òun fẹ́ gé oko, ìdí kòkó tó sá sí oòrùn ló ti bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, kòkó yìí ti darúgbó," ni Rùfáì fi bẹ̀rẹ̀.

"Èmi náà ti darúgbó, Rùfáì. Ṣé o máa gé mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ni mo fẹ́ kọ́ fún yín. Ilé oní-táìlì."

"Táìlì á máa yọ̀ mí. Òkúta Bàbá dà? Láti ọjọ́ tí o wá kẹ́yìn ni mo ti ń fẹ́ fi ṣe àlùwàlá, mo wá a tì."

"Ó ti lọ ṣe iṣẹ́ ńlá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀."

Soliat wò ó. Kò bi í pé irú iṣẹ́ wo ni òkúta ń lọ ṣe. "Gé apá ìhín odò," ni ó wí níkẹyìn. "Èyí tó wà lọ́hùn-ún, fi í sílẹ̀ fún èmi àti Mùnírátù. Ṣé o gbọ́?"

Rùfáì gbọ́. Ó pe Moses, agégi kan láti Ìkirè tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kì í sinmi, Moses sì gé gbogbo apá ìhín. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kò tilẹ̀ fi ẹ̀ńjìnnì gé, àdá ló fi ń kọjá lára wọn.

Nísinsìnyí tí Ọlámijù ti lọ, Alhaji gun ọ̀kadà lọ sí Ìkirè, akoto rẹ̀ wà lórí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí akoto náà wúlò nìyẹn.

Mùnírátù wà nídìí àtẹ rẹ̀. Dòdò tó wà lórí àtẹ kò pọ̀ mọ́. Ó to èyí tó dúdú minijọ̀ tó sì dán sókè, ó fi ewé bo ìsàlẹ̀ kí ó má baà hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Deborah wà, tí òun náà ń ta dòdò, tí fìlà funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í kúrò lórí.

"Alága! Ẹ káàbọ̀ o," ni Deborah kígbe. "Ẹ kò bá wa mú òkúta bọ̀? Ààrò mi ti yẹ̀, mo ń wá èyí tí màá fi gbé agbada dúró."

"Deborah, fi ọkọ mi sílẹ̀," ni Mùnírátù wí. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ, èmi ni kí n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n sún díẹ̀ ni. Iṣẹ́ ń lọ."

"Bàbá Fáìzàh, ẹ̀rọ wọn kọjá níwájú mi. Ọmọkùnrin yẹn dúró, ó ra dòdò. Ó ní kí n máa fi sùúrù bá yín gbé."

Alhaji ṣí akoto, ó wò ó, ó tún dé e padà. Ó jókòó sórí àpótí. Mùnírátù bu omi fún un, ó sì mu ún.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà láàárọ̀ yìí," ni Mùnírátù wí bí ẹni ń bá àtẹ sọ̀rọ̀, "wọ́n fi oògùn mú un pọ́n ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ le. Kò ní rọ̀ bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ, kó tó rọ̀ ó ti kan. Àwọn oníbàárà mi ti ń wò mí lójú. Ẹni tó ń lọ sí Iléṣà kan dá tèmi padà lánàá, ó ní kì í ṣe ọwọ́ mi rè é. Ti apá ọ̀hún odò ló kù fún mi. Mo ń ṣọ́ ọ lò díẹ̀díẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe Alhaji. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é gan-an. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá ìbá tọrọ àforíjì níbẹ̀, lórí àpótí yẹn. Ṣùgbọ́n Deborah kò mọ ibi tí à ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Alága, ẹ jẹ́ kí n bi yín," ni ó wí. "Òkúta tí ẹ gbé fún wọn yẹn, ibo lẹ ti rí i gan-an?"

"Níbi ìkírun bàbá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oko."

"Ṣé apá tí wọ́n lù nìyẹn?"

Alhaji la ẹnu láti dá a lóhùn. Ilé oko wà lápá ọ̀hún odò. Ibi ìkírun wà lápá ọ̀hún odò. Apá ìhín ni òun kó ẹ̀rọ wọn wọ̀, tí òun sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ káàkiri bí ọba! Ó fò dìde, àpótí ṣubú.

"Apá ọ̀hún ni! Mùnírá, apá ọ̀hún ló wà! A lu ibi tí kì í ṣe!"

"Bàbá Fáìzàh, ẹ jókòó."

Ó ti ń tẹ fóònù. Ó pe Ọlámijù, ó sọ fún un pé ibi ìkírun bàbá òun lápá ọ̀hún odò ni òkúta náà wà. Ọlámijù ní àwọn ṣì wà lọ́dọ̀ oní-fọkanáísà, táyà ò tíì ṣe tán.

"Mo lè bá ọ̀gá mi sọ ọ́, sà," ni ó wí, "ṣùgbọ́n wọn kò ní gbọ́ tẹnu wa nìkan mọ́. Ṣé ẹnìkan wà tó mọ ibi tí Bàbá ti rí òkúta yẹn nínú ilẹ̀? Ẹni tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i? Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nípa ilẹ̀ yẹn. Pè mí tó bá di àlàásárì."

Lẹ́yìn náà ó pe Moses, ó ní kí ó gbé ẹ̀ńjìnnì pàdé òun lóko, kí ọ̀nà ti là kí ọkọ̀ tó dé. Mùnírátù kò bá a jiyàn. Ó fi ọ̀rá bo àtẹ, ó ní kí Deborah bá òun máa wò ó, ó sì gun ọ̀kadà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Soliat ń múra ìrun nígbà tí wọ́n dé. Búta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan níbi tí òkúta Bàbá ti ń wà tẹ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà ń mi, ó sì fi ọwọ́ kejì di ògiri mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù wà, ó ṣú dùdù títí dé etí odò, àwọn igi kòkó sì dúró láàárín wọn.

Rùfáì dọ̀bálẹ̀. Akoto bọ́ lórí rẹ̀, ó yí lọ sínú ewé, kò sì lọ gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Apá ibí yìí ló wà. Ẹ jẹ́ kí n gé e."

"Mo ti fún ọ ní apá ìhín, Rùfáì."

"Mo mọ̀. Mo ṣì í ni. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí mọ́sáláṣí ní Jímọ̀, ẹni tí mo gbà síṣẹ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń bi mí bóyá mo ti fi bátìrì wa mọ́tò wá. Gbogbo wọn ló gbọ́. Ìmáàmù pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu." Kò sí Alága nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

Soliat gbé búta sílẹ̀. "Bí mo bá fún ọ ní èyí náà, ṣé wọn kò ní rẹ́rìn-ín mọ́?"

"Wọn kò ní rẹ́rìn-ín mọ́."

Ó wo àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. "Gé e, nígbà náà."

"Ìyá mi!" ni Mùnírátù kígbe.

"Mùnírátù, má bá mi wí. Ó kù díẹ̀ kí n di arúgbó tí kò lè gun òkè odò yìí mọ́. Nígbà tí ìyá wa bá lọ sọ́jà, ẹ̀yìn mi ni ọmọ yìí máa ń wà. Ó wúwo, ó sì máa ń sunkún bí mo bá fẹ́ sọ̀ ọ́. N kò lè máa wò ó kí wọ́n máa fi ṣẹ̀sín nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Rùfáì juwọ́ sí Moses tó ti dé sí etí odò. Moses fa okùn ẹ̀ńjìnnì, ariwo sì gba gbogbo oko. Kòkó àkọ́kọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oko, èyí tí Soliat máa ń fi ẹ̀yìn tì bó bá jẹun tán, mì tìtì, ó sì wó lu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Mùnírátù lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kúrò lábẹ́ igi náà, ó ń kó wọn sínú ìborùn rẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Soliat yí ẹ̀yìn sí wọn. Ó ń wo ibi ìkírun.

Ẹ̀ńjìnnì húkọ́, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kú. Moses jáde wá, ó ń fi apá nu òógùn.

"Alága, pẹtiróòlù don finish o. Ẹ fi ọ̀kadà bá mi ra díẹ̀ wá."

"Ṣebí ayé ti fi epo sílẹ̀?" ni Mùnírátù wí láìgbé orí sókè. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni fóònù ti dún. Ọlámijù ni. Alhaji yára fi í sí sípíkà, ó nà án sí iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ tún ti ń tàn.

"Ẹ káàsán, Mà," ni ohùn náà wí. "Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Òkúta funfun kan tó wà níbi ìkírun yín, tí Alhaji gbé fún wa. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Òkúta àlùwàlá Bàbá?" Soliat pariwo sínú fóònù, bí ẹni tí ń pe èèyàn lókè odò. "Mo mọ̀ ọ́n! Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?"

"Wọ́n ti lọ̀ ọ́, Mà," ni Ọlámijù wí. "Fún àyẹ̀wò ni."

"Ẹ lọ̀ ọ́." Soliat kò pariwo mọ́. "Ẹ ti lọ òkúta Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kọ́ ló kàn," ni Rùfáì wí, ó sì ń fi ọwọ́ kejì tọ́ka sílẹ̀ kí ó lè ràn án lọ́wọ́. "Ẹ sọ ibi tí Bàbá ti hú u fún un. Abẹ́ ibí yìí, àbí ìdí odò?"

"Hú u? Ta ló hú u?" Soliat wò ó bí ẹni pé ara rẹ̀ kò yá. "Lọ́rì obì tí Bàbá fi ń ná Òkè Ọya nígbà yẹn, o kò lè rántí rẹ̀, ẹ̀yìn mi lo wà. Búrèkì rẹ̀ kò dára. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan wà lẹ́yìn Kẹ́fí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti fẹ́ yí padà sẹ́yìn tòun tẹrù, ni dẹ́rẹ́bà bá bẹ́ sílẹ̀, ó gbé òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi há ìdí táyà. Ó há a dáadáa. Bàbá ní kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀, pé òun kò ní fi í sílẹ̀ mọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá dúró sí, òun ni wọ́n fi ń há táyà. Nígbà tí wọ́n ta lọ́rì, ẹni tó rà á ní òun kò ra òkúta, Bàbá bá gbé e wá síbí."

Nínú fóònù, wọ́n ń gbọ́ bí Ọlámijù ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀.

"Kẹ́fí lẹ pè é, Mà?"

"Kẹ́fí ni." Soliat tún búlọ́ọ̀kù náà gbé dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ dán an wò, ó sì mú búta rẹ̀. "Ní gbogbo ilẹ̀ wa yìí, ìhín odò àti ọ̀hún, kò sí òkúta kejì tó jọ ọ́. Ìdí tí Bàbá fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn."